"Òjò Ti Dé": Kí Ni Ẹni Tó Sọ Nǹkan Lórúkọ Jẹ Wá?

Ká sọ pé ẹ wà ní Ọ̀wọ̀ lóṣù kẹta ọdún, tí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin sì ń dáko ní Ìfọ́n, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀. Òjò ńlá kan rọ̀ ní Ọ̀wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n mú iná lọ, àgbàrá gba ojú títì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Àǹtí mi, òjò ti dé o!" Inú Àǹtí dùn. Òjò ṣú ní Ìfọ́n náà, ó sì fọ́n díẹ̀. Wọ́n gbé irúgbìn àgbàdo, ó doko. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ẹ̀kán òjò kan ò tún bọ́ sílẹ̀. Àgbàdo hù, ó rọ, ó gbẹ.

Ta ló parọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì? Kò sí. Òjò dé lóòótọ́. Òjò àná ni ẹ̀ ń sọ. Ohun tí Àǹtí gbọ́ ni pé àsìkò òjò ti wọlé. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, "òjò ti dé", ó gbé ìtumọ̀ méjì, oko ẹnì kan ló sì san owó ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò rèé: nígbà tí àwọn èèyàn tí wọn ò rí ojú ara wọn bá ń lo orúkọ kan náà fún nǹkan, kí ni wọ́n jẹ ara wọn? Ó lè dà bí ìbéèrè àwọn onímọ̀ èdè. Àmọ́ lóde òní, ó ń dààmú àwọn tó ń fi sátẹ́láìtì wo ojú ọjọ́ gan-an, ibi tí wọ́n bá sì parí ọ̀rọ̀ náà sí máa ń dé oko wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya Ọjà Ọba ní Ọ̀wọ̀ ná. Ẹni tó bá ti ra gàrí rí lọ́jà èyíkéyìí mọ̀ pé kóńgò ju kóńgò lọ. Kóńgò kan wà tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Bí wọ́n bá bu gàrí kún un, tó ga ṣóńṣó lókè, ojú á ní ó pọ̀, àmọ́ inú rẹ̀ ò gbà tó ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Oníbàárà á bèèrè pé, "Èló ni kóńgò?" Ọlọ́jà á dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì lò, owó sì ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kejì. Ẹni tí kò yẹ ìdí kóńgò wò ni ìyà jẹ.

Orúkọ tí kò ní àlàyé ò yàtọ̀ sí kóńgò yẹn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti ra gàrí nínú irú kóńgò bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1998, NASA ti Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Mars Climate Orbiter lọ sí Mars, kó lọ máa wo ojú ọjọ́ ibẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1999, bó ṣe ń dé ibẹ̀ ló sọnù. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé ètò kọ̀ǹpútà kan ń fi pound ṣírò agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń ti ọkọ̀ náà, èkejì sì ń gba iye yẹn bí ẹni pé newton ni. Nọ́ńbà wà níbẹ̀ pérépéré. Ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé nọ́ńbà, kó sọ ohun tó jẹ́ fún wa, ni kò sí.

Kí dátà ojú ọjọ́ má baà bọ́ sínú irú kòtò bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ gbé àdéhùn kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CF, ìgékúrú Climate and Forecast. Ọdún 2003 ni ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ọdún kan náà tí Nàìjíríà rán sátẹ́láìtì tiwa àkọ́kọ́, NigeriaSat-1, lọ sókè. Nínú àdéhùn CF, tábìlì orúkọ kan wà. Orúkọ inú rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ dáadáa. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí nǹkan mẹ́ta: orúkọ gan-an, tí wọ́n fi lẹ́tà kékeré kọ, òṣùwọ̀n tó bá a lọ, àti àlàyé ohun tó jẹ́ àti ohun tí kì í ṣe. Ẹ jẹ́ ká máa pe irú orúkọ yìí ní orúkọ àjùmọ̀lò.

Kí ló dé tí wọ́n nílò orúkọ tó pọ̀ tó báyẹn? Ẹ wo ọ̀rọ̀ "ooru". Bí a bá ní "ooru mú ní Ọ̀wọ̀ lónìí", kò sẹ́ni tó máa jiyàn. Ṣùgbọ́n ooru wo? Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ dúró lórí ọ̀dà títì lọ́sàn-án gangan nínú oṣù kejì. Ooru tí àtẹ́lẹsẹ̀ yín máa gbọ́ yàtọ̀ pátápátá sí ti afẹ́fẹ́ tí imú yín ń fà. Ti afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pè ní air_temperature. Ní ibùdó ojú ọjọ́, inú àpótí funfun tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, láàárín mítà 1.25 sí mítà 2 sókè ilẹ̀. Ti ojú ilẹ̀ ni surface_temperature. Ẹ̀kẹta wà tó ń jẹ́ toa_brightness_temperature: ìtànṣán tó ń ti ayé jáde lọ sókè ni sátẹ́láìtì ń rí, ìṣirò ni wọ́n sì fi ń sọ ìtànṣán náà di ìwọ̀n ooru. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí fóònù yín ń pè ní "feels like", tí wọ́n ti ro ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ mọ́ ọn.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹnu wa ń pè ní ooru. Bí ẹnì kan bá wá mú ti afẹ́fẹ́ ogún ọdún sẹ́yìn, tó fi wé ti ojú ilẹ̀ lọ́sàn-án ọdún yìí, á kígbe pé Ọ̀wọ̀ ti ń jóná. Ẹlòmíì tó bá dà wọ́n pọ̀ lọ́nà kejì á ní kò sóhun tó yí padà, pé ariwo lásán ni wọ́n ń pa. Irọ́ ni méjèèjì, bẹ́ẹ̀ kò sí òpùrọ́ kankan níbẹ̀.

Òjò náà rí bẹ́ẹ̀. Sátẹ́láìtì Meteosat tó ń wo ilẹ̀ wa dúró sókè òkun tó wà ní gúúsù Gánà, ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà sókè. Kò lè rí òjò tó ń lu páànù ní Ìdó-Aní. Orí ìkúùkù ló ń rí, àti bó ṣe tutù tó. Láti ara ìyẹn, àti ohun tí àwọn sátẹ́láìtì mìíràn bá rí, ni wọ́n ti ń ṣírò òjò. Kí a tó gba iye tí wọ́n bá mú jáde, ó yẹ ká bèèrè: ṣé àpapọ̀ omi tó ti rọ̀ nìyí, àbí bó ṣe ń yára rọ̀ sí? rainfall_amount ni èkíní, rainfall_flux ni èkejì. Òṣùwọ̀n èkíní ni kílógíráàmù lórí mítà kan níbùú lóròó, èyí tó jẹ́ bákan náà pẹ̀lú mìlímítà omi kan. Òṣùwọ̀n èkejì ni ìyẹn kan náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá fi èkíní ṣe èkejì lè sọ òjò wìnníwinní di ìkún omi.

Àwa Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Tábìlì CF ń ṣe òdìkejì. Kì í wo ilé. Orúkọ àjùmọ̀lò kì í sọ ẹni tó wọn nǹkan náà tàbí ilé iṣẹ́ tó ni sátẹ́láìtì. Ohun tí wọ́n wọ̀n nìkan ló ń sọ. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, ẹ ó rí ìdí rẹ̀. Orúkọ ọmọ ń rántí ará ilé: ó ń sọ bí a ṣe bí i, ẹ̀yìn ẹni tí a bí i tẹ̀ lé, ohun tí ìdílé ń sìn. Àjèjì ni wọ́n ṣe orúkọ àjùmọ̀lò fún. Ẹni tó máa ṣí fáìlì yẹn ní ogún ọdún sí i, tí kò mọ̀ wá rí, tí a ò ní sí nítòsí láti ṣàlàyé fún, ó yẹ kó mọ ohun tó mú dání.

Ìdí nìyí tí a fi gbà pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àmì lásán. Ìlérí ni. Ẹni tó kọ air_temperature sára dátà rẹ̀ ti sọ fún ẹni tí kò tíì bí pé, "Afẹ́fẹ́ ni mo wọ̀n, ilẹ̀ kọ́." Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ló wọ̀n, kì í ṣe pé ó ṣi orúkọ pè nìkan. Ó da ẹnì kan.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń kùn báyìí. "Ìlérí ta ni? Ta ló jókòó níbi tí wọ́n ti pinnu orúkọ?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, ará Ọ̀wọ̀ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí àgbà ìlú náà nígbà tó bá ń fi èdè ilé pe orúkọ ìlú rẹ̀: Ọ̀ghọ̀ lẹ máa gbọ́. Ìró gh yẹn, tó ń ti ọ̀nà ọ̀fun jáde, kò ní lẹ́tà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ CMS ń ṣètò bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, tí wọ́n sì ṣèpàdé lé e lórí ní Èkó ní 1875, Yorùbá Ọ̀yọ́ ni wọ́n gbára lé jù. Èrè ńlá ló ti ibẹ̀ jáde. Àròkọ tí ẹ̀ ń kà yìí, ará Ìfọ́n lè kà á, ará Ìbàdàn lè kà á, ọmọ Yorùbá tó wà ní London náà lè kà á. Ṣùgbọ́n ìró kan dúró sẹ́yìn. Pátákó ojú títì, ìwé ìjọba, máàpù orí fóònù, Ọ̀wọ̀ ni gbogbo wọn ń kọ. Ọ̀ghọ̀ wà lẹ́nu, kò rọ́nà dé orí ìwé.

Àwọn tó ń tọ́jú tábìlì CF náà san díẹ̀ nínú irú owó yìí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Nílé ìwé wọn, vapour ni wọ́n kọ́ wọn láti kọ. Òfin tábìlì ní vapor ni kí wọ́n máa kọ, bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọ́. Lẹ́tà kan péré nìyẹn, a ò lè fi wé kí orúkọ ìlú ẹni má rí lẹ́tà tó máa gbé e. Síbẹ̀ ó fi ohun kan hàn wá: kò sí àjùmọ̀lò kankan tí ẹnì kan ò fi nǹkan sílẹ̀ fún. Nítorí náà, a ò lè dá àjùmọ̀lò lẹ́bi kìkì nítorí pé ó gba nǹkan lọ́wọ́ wa. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni pé: ta ló fi nǹkan sílẹ̀ jù? Ṣé wọ́n bi í? Ṣé ọ̀nà wà tó lè gbà pa dà wá sọ pé, "Ẹ ti gbàgbé tèmi"?

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí irú ìbéèrè yìí ti kan ikùn èèyàn. African Risk Capacity jẹ́ àjọ kan lábẹ́ Ìṣọ̀kan Áfíríkà tó ń ṣe ìnṣọ́ránsì ọ̀dá fún ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè. Wọn kì í dúró de kí ẹnikẹ́ni lọ máa ka oko tó gbẹ. Òjò tí sátẹ́láìtì rí ni kọ̀ǹpútà wọn fi ń ṣírò iye èèyàn tí ọ̀dá máa kàn. Màláwì ra ìnṣọ́ránsì yìí fún àsìkò ọ̀gbìn 2015 sí 2016. Ọ̀dá dé, ebi tẹ̀ lé e. Ìjọba ka àwọn tó nílò oúnjẹ, wọ́n ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ. Kọ̀ǹpútà ní ẹgbẹ̀rún mélòó kan péré ni, pé kò tó ohun tí wọ́n lè sanwó lé lórí.

Nígbà tí wọ́n yẹ ìdí kóńgò wò, wọ́n rí i. Àgbàdo tó máa ń pẹ́ kó tó gbó ni wọ́n kọ sínú ìṣirò. Àgbàdo tó máa ń tètè gbó ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Màláwì gbìn. Ìgbà tí èkíní nílò omi yàtọ̀ sí ìgbà tí èkejì nílò rẹ̀. Wọ́n tún ìṣirò ṣe, wọ́n sì gbà láti san dọ́là tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ oṣù ti kọjá lẹ́yìn ìkórè.

Ẹ wò ó, sátẹ́láìtì ò ṣe àṣìṣe níbẹ̀. "Àgbàdo" ni orúkọ tó wà nínú ìṣirò, ìbéèrè tó sì yẹ kó ṣáájú ni, "Àgbàdo wo?" Ìgbà tí ebi ti dé ni ìdáhùn rẹ̀ tó jáde. Ọ̀rọ̀ Àǹtí wa ní Ìfọ́n ló tún ṣẹlẹ̀ yẹn, lórí orílẹ̀-èdè odindi kan.

Ohun tí a rí fà yọ nìyí: ẹni tó bá sọ nǹkan lórúkọ fún àwọn ẹlòmíràn láti lò ti jẹ gbèsè mẹ́ta. Èkíní ni àlàyé: kó sọ ohun tí orúkọ náà kó mọ́ra àti ohun tí kò kó mọ́ra. Èkejì ni ọ̀nà àtúnṣe: bó bá ṣì í sọ, kó ṣeé bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta ni àyè fún orúkọ ilé: kó má sọ pé nítorí orúkọ àjùmọ̀lò ti wà, orúkọ tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kú.

Ká sọ òótọ́, CF gbìyànjú lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àlàyé wà lára orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni lè dábàá orúkọ tuntun, wọ́n á jíròrò rẹ̀ ní gbangba kó tó wọ tábìlì. Bí wọ́n bá sì pààrọ̀ orúkọ kan, wọn kì í nu ti àtijọ́ dànù. Wọ́n á fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ àdàpè, kí fáìlì àtijọ́ má baà di ọmọ aláìnílé. Nínú fáìlì kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ standard_name, àyè mìíràn wà tó ń jẹ́ long_name. Ohun tó bá wu ẹni tó ni dátà ló lè kọ síbẹ̀. Ẹni tó ń wọn òjò ní Òkèlúsẹ̀ lè kọ rainfall_amount sí àyè èkíní, kó kọ "Òjò tó rọ̀ ní Òkèlúsẹ̀" sí èkejì. Èkíní fún àjèjì, èkejì fún ará ilé. Kò sí ìjà láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí èèyàn wọlé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìjíròrò náà, ẹni tó ní dátà àti íntánẹ́ẹ̀tì ló sì lè jókòó síbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kà wá. FUTA ní Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀, ní ẹ̀ka ìmọ̀ ojú ọjọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sì ń wá síbẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ ètò WASCAL. Ó yẹ kí ẹni tó mọ ọyẹ́ nínú egungun rẹ̀ wà níbi tí wọ́n bá ti ń sọ eruku inú afẹ́fẹ́ lórúkọ.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà wá kan àwa fúnra wa. A fẹ́ràn láti máa sọ pé àwọn àgbẹ̀ wa mọ ojú ọjọ́ ju kọ̀ǹpútà lọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Èdè wa ò sì tòṣì: àkọ́rọ̀ wà, wìnníwinní wà, ọ̀wààrà wà, arọ̀ọ̀rọ̀dá wà. Àgbà àgbẹ̀ á sọ fún yín pé àkọ́rọ̀ kì í ṣe òjò tí à ń fi gbogbo irúgbìn ilé tẹ̀ lé. Àmọ́ ìmọ̀ tó wà lórí àgbà kan, tí a kàn sọ fún ọmọ ní "òjò ti dé", kóńgò tó ti ní ihò nídìí ni. Lọ́dọọdún, NiMet máa ń kéde ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa dáwọ́ dúró, títí kan ọ̀gbẹlẹ̀ kékeré inú oṣù kẹjọ. Kí onímọ̀ tó lè sọ pé òjò "bẹ̀rẹ̀", ó ní láti sọ ohun tó ń kà. Àwọn kan ní ó gbọ́dọ̀ tó mìlímítà 20 láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó ju ọjọ́ méje lọ má sì wáyé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹ ò rí i pé ohun tí àgbà ń sọ nípa àkọ́rọ̀ nìyẹn, tí wọ́n kàn fi nọ́ńbà sí? Ẹ lè ní nọ́ńbà náà ò bá ilẹ̀ Ọ̀sẹ̀ mu. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nítorí pé wọ́n sọ ọ́ síta ni ẹ ṣe rí ohun tí ẹ lè jiyàn sí.

A ò sọ pé kí Àǹtí ní Ìfọ́n lọ kọ́ orúkọ inú tábìlì. Orúkọ tábìlì wà fún fáìlì. Ìwà tó wà nínú rẹ̀ ni a fẹ́ ká mú wálé: kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ máa ro ti ẹni tí kò sí níbi tí òun wà, tó sì máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣiṣẹ́.

Lóṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀, òjò á tún rọ̀ ní Ọ̀wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n á sì tún mú iná lọ. Kí ẹ tó fi ohùn ránṣẹ́, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ sọ pé: "Àǹtí mi, òjò kan rọ̀ níbí lálẹ́ àná, ó tó wákàtí méjì. Òjò kan ṣoṣo ni o. Mi ò tíì mọ̀ bóyá àsìkò ti wọlé." Kò dùn tó "òjò ti dé". Ó gùn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àǹtí bá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú irúgbìn wọn lọ́wọ́, wọ́n á mọ ohun tí ẹ fún wọn gan-an, àti ohun tí ẹ ò fún wọn.